Mo ń gba Universal Credit: ṣé ìjọba á san owó lọ́yà fún mi?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe, kì í ṣe gbogbo ọjọ́, Universal Credit, owó ìrànwọ́ oṣooṣù láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ni mo sì fi ń gbé e ró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ń gba DLA, owó ìjọba fún ọmọ tó ní àìlera. Nǹkan méjì ló wá já lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, lándílọ́ọ̀dù fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba ilé òun nítorí gbèsè rẹ́ǹtì. Èkejì, bàbá àwọn ọmọ, tí mo sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ torí ìyà tó fi ń jẹ mí, ti lọ sí kóòtù pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ òun.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹni tó bá ti ń gba bẹ́nẹ́fíìtì, ọ̀fẹ́ ni lọ́yà fún un, kò sí ìbéèrè kankan. Mo wá pe ọ́fíìsì lọ́yà kan. Akọ̀wé wọn béèrè iye tó wà ní báńkì mi, mo ní £4,500, owó àjọ tí mo kó. Ó ní a jẹ́ pé mi ò lè rí Legal Aid, ìyẹn owó lọ́yà tí ìjọba ń san, gbà nìyẹn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Mo ṣì ń ronú ibi tí mo máa kó àwọn ọmọ sí.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fọwọ́ kún iṣẹ́ ní law centre kan, ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìmọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́, irú ìbéèrè yìí sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ ìdajì òótọ́. Akọ̀wé yẹn ní tirẹ̀ ṣì yín lọ́nà.

Ní England àti Wales, Legal Aid Agency ló ń sanwó lọ́yà fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a. Kí wọ́n tó san án, wọ́n á wò ó bóyá irú ẹjọ́ náà wà lára èyí tí òfin gbà láyè, bóyá ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti bóyá ẹni náà kò lówó lọ́wọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ owó yẹn tún pín sí méjì: owó tó ń wọlé lóṣooṣù, àti owó tàbí dúkìá tó wà nílẹ̀. Owó tó ń wọlé nìkan ni Universal Credit bá yín dáhùn. Bí ẹ bá ti ń gbà á, wọn ò ní ṣírò owó oṣù yín mọ́, kódà bí ẹ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ wọ́n á ṣì béèrè ohun tó wà ní báńkì, wọ́n á sì béèrè bóyá ẹ ní ilé tàbí ilẹ̀.

Ìdí tí àwọn tó ti pẹ́ níbí fi máa ń sọ pé bẹ́nẹ́fíìtì ti parí gbogbo rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. LASPO, òfin ọdún 2012 tó dín Legal Aid kù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ló yí i padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ owó ìfipamọ́ gbogbo èèyàn wò.

£8,000 ni òpin owó ìfipamọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. £4,500 yín kò súnmọ́ ibẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lé yín padà torí rẹ̀. Ibi tó ti kàn yín ni pé bí lọ́yà bá máa dúró fún yín ní kóòtù, èyí tó bá lé lórí £3,000 nínú owó náà, wọ́n lè ní kí ẹ fi kún owó ẹjọ́. Tiyín á jẹ́ £1,500, ó sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ bí owó ẹjọ́ fúnra rẹ̀ kò bá tó iye yẹn. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn àti lẹ́tà kíkọ nìkan, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní Legal Help, ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo rò pé DLA ọmọ yẹn náà tó láti mú un wọlé? Ìyàwó mi ń gba PIP, irú owó àìlera bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, ohun tí wọ́n sì sọ fún un ni pé PIP ti tó.

Akọ̀wé Àdúgbò

Rárá o, àbúrò. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kò pọ̀: Universal Credit, Income Support, income-based JSA (owó aláìníṣẹ́), income-related ESA (owó ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́), àti Guarantee Credit tó jẹ́ apá kan Pension Credit (owó àfikún fún arúgbó). Kò tún sí òmíràn. PIP, DLA, Attendance Allowance, Carer's Allowance, Child Benefit, Housing Benefit, New Style JSA àti New Style ESA, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè mú yín fo ìṣirò owó tó ń wọlé. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń gba Pension Credit, ẹ bá wọn wo ìwé wọn dáadáa: Guarantee Credit ni a ń wá níbẹ̀, Savings Credit nìkan kò tó.

PIP àti DLA kì í ṣe ìdíwọ́ o. Bí wọ́n bá ń ṣírò owó ẹni tí kò gba Universal Credit, wọn kì í ka PIP, DLA tàbí Attendance Allowance mọ́ ọn. Child Benefit ni wọ́n máa ń kà. Ti ìyàwó yín, bí ẹ bá jọ ń gbé, owó ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa pa pọ̀ ṣírò, àfi bí ẹ bá ń bá ara yín ṣẹjọ́. Bí ẹ bá jọ ń gba Universal Credit, ó kan òun náà.

Arábìnrin Leeds

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti ilé, torí òun ló lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kíá. Lórí ti ilé, ẹnikẹ́ni ò ní yẹ àpò yín wò rárá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ètò kan ti wà tó ń jẹ́ Housing Loss Prevention Advice Service. Ẹnikẹ́ni tí onílé bá ti kọ̀wé sí pé òun fẹ́ gba ilé ló lè lò ó, ì báà máa gba bẹ́nẹ́fíìtì, ì báà máa ṣiṣẹ́ olówó ńlá. Kí ọjọ́ kóòtù tó pé, wọ́n á gbà yín nímọ̀ràn lórí ilé, lórí gbèsè, àti lórí bẹ́nẹ́fíìtì tí kò jẹ́ kí rẹ́ǹtì pé. Lọ́jọ́ kóòtù, lọ́yà wọn tó wà níbẹ̀ á dìde sọ̀rọ̀ fún yín níwájú adájọ́.

Èyí ṣojú mi. Àǹtí mi ni mo sìn lọ sí county court. A tètè dé, mo ní kí òṣìṣẹ́ tó ń mú orúkọ sílẹ̀ fi lọ́yà ètò náà hàn wá. Ọmọbìnrin kan jáde láti yàrá ẹ̀gbẹ́, ó mú wa jókòó, ó ní ká kó ìwé tí a mú wá sílẹ̀. Ó yẹ àkọsílẹ̀ rẹ́ǹtì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi pẹ́ńsìlì fa ìlà sábẹ́ oṣù méjì tí Universal Credit kò fi san owó ilé, ó wá tẹ ìka mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ibí gan-an ni mo fẹ́ kí adájọ́ rí." Nígbà tí a wọlé, kò pẹ́ rárá. Adájọ́ ní kí Àǹtí máa san rẹ́ǹtì oṣooṣù, kó máa fi díẹ̀ lé e fún gbèsè, kí wọ́n má sì lé e níwọ̀n ìgbà tó bá ń san án. Bí kò bá sí ọmọbìnrin yẹn, Àǹtí ì bá kàn máa bẹ adájọ́ ni, kò ní rántí ọ̀rọ̀ oṣù méjì yẹn rárá.

Ilé káńsù ni ti Àǹtí. Ti onílé aládàáni le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ìdí kan wà tó jẹ́ pé bí onílé bá ti fi ẹ̀rí wọn hàn, adájọ́ ò ní àyè láti ṣàánú. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kóòtù. Ẹ wá wọn lónìí. Ẹ mú ìwé àdéhùn ilé, ìwé tí onílé kọ, ìwé kóòtù, àkọsílẹ̀ rẹ́ǹtì, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá onílé sọ lórí WhatsApp. Bí ilé bá ń jò tàbí tí ògiri ti bu, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dání, lọ́yà lè lò ó.

Akọ̀wé Àdúgbò

Arábìnrin ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí n kàn fi nọ́ńbà Civil Legal Advice, ìlà fóònù ìmọ̀ràn òfin, kún un: 0345 345 4345. Ẹ ní kí wọ́n pè yín padà kí owó fóònù má bàa jẹ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ògbufọ̀, ẹ sọ fún wọn, wọ́n á wá a. Bí akọ̀wé ọ́fíìsì kan bá sì tún ní ẹ kò yẹ, ẹ ní kí ó sọ òfin tó fi sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, tàbí ẹ pe ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni iṣẹ́ ti kún ọwọ́ wọn, wọn ò sì lè gba ẹjọ́ tuntun. Èyí kò sọ pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ti fún mi ní ẹni tó máa rí mi lọ́sẹ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ó kù ti àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n dá £4,500 náà padà sọ́wọ́ olórí àjọ kí ó bá mi gbé e sọ́wọ́ títí ẹjọ́ á fi parí, kí àkáǹtì mi lè mọ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Birmingham

Ẹ má ṣe é! Ẹ dákun. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé owó kúrò kí ẹ lè rí Legal Aid gbà, òfin fún wọn láyè láti kà á bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí wọ́n máa gbà gbọ́ mọ́. Owó yín kò tó £8,000, kí lẹ wá fẹ́ fi pamọ́? Gbèsè rẹ́ǹtì tí ẹ jẹ lóòótọ́, bí lọ́yà ilé bá ní kí ẹ san nínú rẹ̀, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì. Ìyẹn kì í ṣe ìfipamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti stétímẹ́ǹtì báńkì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá ti máa ń díjú. Gbogbo àkáǹtì tó wà lórúkọ yín ni lọ́yà máa béèrè, títí kan ti orí fóònù tí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lò, àti èyí tó wà nílé ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá rí i pé £500 ń jáde lóṣooṣù sí ọwọ́ ẹnì kan, tí £4,500 wá já wọlé lójijì láti ọwọ́ ẹni yẹn kan náà, wọ́n á béèrè pé kí ni. Òyìnbó kan kò lè mọ àjọ lórí stétímẹ́ǹtì. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè: ìwé kékeré kan tí olórí àjọ fọwọ́ sí, tó sọ iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá, àti oṣù tó kàn yín láti kó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni olórí àjọ, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Owó ẹlòmíràn tó wà ní àkáǹtì yín máa jọ tiyín lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ ní àkọsílẹ̀ orúkọ àti iye tó péye, ó sì sàn kí owó àjọ ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tí mọ̀lẹ́bí ń fi ránṣẹ́ pé kí ẹ bá àwọn ra nǹkan náà ńkọ́? Ẹ kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Fún Universal Credit fúnra rẹ̀, ẹ wọ journal yín, ìyẹn àkáǹtì Universal Credit yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí statement oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ rí i pé orúkọ yín, ọjọ́ àti iye tí wọ́n san hàn nínú fọ́tò kan náà. Ẹ mú National Insurance number yín dání, torí Agency lè fi wádìí lọ́dọ̀ DWP, ẹ̀ka ìjọba tó ń san bẹ́nẹ́fíìtì.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ̀gbọ́n Birmingham, ẹ ṣeun gan-an.

Ìyá Ìbejì, ti àwọn ọmọ. Ẹjọ́ láàárín bàbá àti ìyá lórí ọmọ, LASPO ti yọ ọ́ kúrò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ fìyà jẹ, àti ibi tí ọmọ bá wà nínú ewu. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, Universal Credit kò sì lè dípò ẹ̀rí náà. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà yín tó sọ pé òun yẹ̀ yín wò àti pé ohun tí òun rí bá ìyà tí ẹ sọ mu, ó tó. Ìwé ọlọ́pàá pé wọ́n mú un tàbí fẹ̀sùn kàn án, ó tó. Àṣẹ kóòtù tó ní kó má súnmọ́ yín, lẹ́tà láti ilé ààbò tí ẹ sá lọ, tàbí láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń ran àwọn tí wọ́n fìyà jẹ nínú ilé lọ́wọ́, gbogbo wọn ló wúlò. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó.

Kì í ṣe ìlù nìkan ni ìyà o. Ẹni tí ọkọ gba káàdì báńkì lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò jẹ́ kó ní owó lọ́wọ́, òun náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún kò wúlò. Wọ́n ti yọ òǹkà ọdún náà kúrò láti oṣù kìíní ọdún 2018.

Bí ẹ bá fẹ́ kí kóòtù pàṣẹ pé kó má súnmọ́ yín, ẹ kò ní san owó kóòtù lórí ìwé yẹn. Lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Agency lè fojú fo òpin owó, ó kàn lè ní kí ẹni tó lówó san díẹ̀ kún un.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ eléyìí: ìrànwọ́ owó kóòtù, Help with Fees. Ìyẹn yàtọ̀ sí Legal Aid. Níbẹ̀, ẹni tó ń gba Universal Credit gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó £6,000 lọ́dún kí wọ́n tó fojú fo ìṣirò owó tó ń wọlé. Nínú Legal Aid, ní báyìí tí mo ń kọ èyí, kò sí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ lórí owó iṣẹ́.

Onílé ní Luton

Ẹ dákun, èmi náà ní ìbéèrè. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo wà lórí Universal Credit. Ṣùgbọ́n mo ní ilé tí mò ń gbé, mọ́gééjì ṣì wà lórí rẹ̀. Universal Credit ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ilé rárá, ṣé Legal Aid náà ò ní bi mí?

Akọ̀wé Àdúgbò

Wọ́n á bi yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń kọsẹ̀. Universal Credit kì í ka ilé tí ẹ ń gbé. Legal Aid máa ń kà á. Bákan náà ni ti owó báńkì: Universal Credit lè máa san fún yín títí dé £16,000, ó kàn ń dín iye rẹ̀ kù láti £6,000. Ẹni tó ní £9,000 á máa gba Universal Credit, síbẹ̀ ó ti kọjá òpin Legal Aid.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ilé nìyí. Ká ní ilé náà tó £320,000, mọ́gééjì tó kù jẹ́ £190,000. Wọ́n á yọ 3% owó ilé fún ìnáwó títà rẹ̀, ìyẹn £9,600. Wọ́n á yọ mọ́gééjì. Ó ku £120,400. Nínú èyí, wọ́n á fojú fo £100,000 àkọ́kọ́. Ó wá ku £20,400, ó ti ju £8,000 lọ. Onítọ̀hún ò ní rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní owó oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an ni, torí bíríkì kì í san owó lọ́yà.

Àmọ́ ẹ má tètè sọ̀rètí nù. Títí di oṣù kìíní ọdún 2021, £100,000 péré nínú mọ́gééjì ni wọ́n ń yọ. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Bó bá jẹ́ ilé náà gan-an ni ẹjọ́ dá lé lórí, bí ìgbà tí tọkọtaya ń pín in, wọ́n tún lè fojú fo £100,000 mìíràn. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ ní ìdẹ̀rùn tirẹ̀ náà. Ní ọdún 2020, High Court dá ẹjọ́ kan, GR v Director of Legal Aid Casework, pé kì í ṣe dandan kí Agency ka iye kíkún ilé tí èèyàn kò lè tà, tí kò sì lè yá owó lé lórí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, ẹ dárúkọ ẹjọ́ yẹn fún lọ́yà. Ẹ fi lẹ́tà báńkì tó kọ̀ láti yá yín lówó ti í lẹ́yìn.

Ilé àti ilẹ̀ tí ẹ ní ní Nàìjíríà náà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Orí àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Croydon

Ti ẹni tí kò lè gba bẹ́nẹ́fíìtì ńkọ́? "No recourse to public funds" ló wà lórí físà mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá béèrè Legal Aid, Home Office á ní mo ti rú òfin.

Arábìnrin Leeds

Legal Aid kò sí lára ohun tí wọ́n pè ní public funds nínú òfin físà. Ẹ lè béèrè rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìjọba fẹ́ mú un wá nígbà kan pé ẹni tí kò bá ní ìgbélé tó bófin mu fún àkókò kan kò ní rí i gbà, Supreme Court sì wọ́gi lé e ní ọdún 2016.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ kò ní Universal Credit tó máa dáhùn fún yín, nítorí náà wọ́n á ṣírò owó tó ń wọlé. Àpapọ̀ owó oṣù yín kí wọ́n tó yọ owó orí kò gbọdọ̀ ju £2,657. Bí ẹ bá ní ju ọmọ mẹ́rin lọ, wọ́n á fi £222 kún òpin náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti orí ìkarùn-ún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó orí, rẹ́ǹtì, ìtọ́jú ọmọ àti ti ọkọ tàbí aya, èyí tó kù kò gbọdọ̀ ju £733 lọ. Ẹ fi owó ìtọ́jú ọmọ hàn wọ́n dáadáa, èèyàn púpọ̀ máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ti immigration yàtọ̀. Legal Aid wà fún asylum (ìbéèrè ibi ìsádi), fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, àti fún ẹni tí ìyà ọkọ tàbí aya lé jáde tó fẹ́ béèrè ìwé ìgbélé tirẹ̀. Físà iṣẹ́ àti ti ẹbí kò sí níbẹ̀, àfi kí lọ́yà béèrè Exceptional Case Funding, owó àkànṣe fún ẹjọ́ tí òfin kò kà mọ́ ọn. Ẹjọ́ immigration tó bá lọ sí tribunal (ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìpinnu ìjọba), £3,000 ni òpin owó ìfipamọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gba asylum support ní tirẹ̀, wọn ò ní ṣírò owó tó ń wọlé tàbí èyí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ asylum rẹ̀.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, wọ́n ti gé PIP ìyàwó mi. Ṣé Legal Aid á bá wa pẹjọ́?

Akọ̀wé Àdúgbò

Kò sí Legal Aid fún ìyẹn ní tribunal àkọ́kọ́. LASPO yọ ọ̀rọ̀ bẹ́nẹ́fíìtì kúrò níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí àwọn tí kò lówó ló ń jìyà rẹ̀. Ó di Upper Tribunal, tó bá jẹ́ pé àṣìṣe òfin lẹ ń bá wọn jà lé lórí, kí Legal Aid tó lè wọlé. Ẹ ní oṣù kan láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà láti béèrè mandatory reconsideration, ìyẹn pé kí DWP tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù kan mìíràn wà láti gbé e lọ sí tribunal, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lọ bá Citizens Advice tàbí law centre tó súnmọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jàre níbẹ̀ láìsí lọ́yà, bí lẹ́tà dókítà wọn bá sọ ohun tí wọn kò lè ṣe ní kedere: ìgbọ̀nsẹ̀, ìwẹ̀, àtẹ̀gùn.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Mo ti rí lọ́yà ilé, ó ti bá mi kọ èsì sí kóòtù. Dókítà náà ti ṣe lẹ́tà fún mi, gbogbo ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ẹjọ́ ìdílé ti gba ìwé mi, wọ́n sì gba àlàyé àjọ náà. Ìbéèrè mi tó kù ni pé tí wọ́n bá fún mi ní wákàtí iṣẹ́ sí i, tí Universal Credit sì dúró kí ẹjọ́ tó parí, ṣé wọ́n á já mi sílẹ̀? Àwọn kan sì ń sọ pé ìjọba máa ń padà wá gba owó náà.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ó dùn mọ́ mi gan-an. Bí Universal Credit bá dúró, ẹ sọ fún lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n á wá ṣírò owó tó ń wọlé bíi ti ẹlòmíràn. Bí èyí tó kù lọ́wọ́ yín lóṣù bá wà láàárín £315 sí £733, wọ́n á ní kí ẹ máa san díẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá lé ní £733 ni wọ́n lè dá a dúró. Bí ẹ bá sì kó àjọ mìíràn tí owó yín wá kọjá £8,000, ẹ sọ ìyẹn náà.

Ti gbígba owó padà, òótọ́ ni, statutory charge ni wọ́n ń pè é. Bí ẹjọ́ bá mú owó tàbí ilé wá fún yín, tàbí tó gbà á sílẹ̀ fún yín, Agency lè yọ owó lọ́yà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé tí ẹ máa gbé, wọ́n lè fi gbèsè náà sórí ilé títí ẹ ó fi tà á, pẹ̀lú èlé 8% lọ́dún. Ẹjọ́ lórí ibi tí ọmọ máa gbé kì í mú owó wá, nítorí náà kò kàn yín báyìí. Bó bá di pé ẹ̀yin àti bàbá wọn tún ń pín dúkìá, ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ iye tí owó náà lè dé, kí ẹ sì tún béèrè rẹ̀ kí ẹ tó gba àdéhùn kankan.